Omi Tí Mo Dà Nù Lórí Òkè

Peckham, London.
Ọjọ́ Sátidé, oṣù Kẹrin.

Aunty Mìsítúrà mi,

As-salaamu alaikum. Mo kúnlẹ̀ kí yín lórí kápẹ́ẹ̀tì yàrá mi níbí, bí ẹ ò tilẹ̀ lè rí mi. Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà, kí ẹsẹ̀ Uncle Làtíìfù tí wọ́n fi P.O.P. dì má máa ro wọ́n jù, kí òtútù orí òkè Apaléṣíà ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún sì ti máa fi yín sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àlàáfíà ni Mummy wà. Wọn ò mọ ohun tí mò ń kọ.

Ìdí tí mo fi kọ ọ́ sórí ìwé ni pé tó bá jẹ́ WhatsApp ni, mo lè pa á rẹ́ kí ẹ tó rí i. Mo mọ ara mi. Ẹ má bínú tí Yorùbá mi bá ń kọsẹ̀. Kíláàsì Sátidé ní mọ́ṣáláṣí ni mo ti kọ́ ọ, ẹ sì mọ̀ pé bí mo bá lọ lónìí, n kì í lọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn. Mo gbádùn ọ̀sẹ̀ méjì tí mo lò lọ́dọ̀ yín nígbà ìsinmi Ísítà. N ò sọ ọ́ nígbà yẹn, torí mo ti dijú mọ́rí láti pápákọ̀ òfuurufú. Àárọ̀ ni mo fẹ́ràn jù, tí èmi àti Uncle bá jókòó sójú fèrèsé kíṣìnì, tí à ń wo àwọn ẹyẹ ní ẹ̀yìnkùlé. Igi ò tíì yọ ewé, kò sí ibi tí wọ́n lè sá pamọ́ sí. Àdàbà á máa ṣa hóró nílẹ̀, akókó á máa kan igi gbàgbàgbà bí ẹni tí wọ́n háyà. Èyí pupa tó ní ìyẹ́ ṣóńṣó lórí, Uncle ní Alhaji ni, torí fìlà rẹ̀. "Wò ó, Alhaji ti dé. Kò kí ẹnikẹ́ni, oúnjẹ ló bá wá." Mo rẹ́rìn-ín sínú. N ò jẹ́ kí wọ́n rí i.

Ó wá kan ọjọ́ tí a lọ wo omi tó ń já wálẹ̀ láti orí àpáta. Ẹ gbé ìgò omi lítà méjì fún mi pé kí n fi sínú báàgì mi. Ẹ ní, "Rahmah, omi àlùwàlá wa rèé o. Etí omi yẹn ń yọ̀, a ò ní sún mọ́ ọn rárá." Aunty, ìgò yẹn kún. Ó kún dé ọrùn. Mo fi ojú mi rí i, ẹ̀yìn mi ló gbé e.

Nígbà tí a gun òkè náà dé ìdajì, ẹ̀yin àti Uncle ti ṣíwájú. Mo dúró lẹ́yìn igi ńlá kan, mo ṣí ìgò náà, mo da gbogbo omi rẹ̀ sílẹ̀. Mo fẹ́ kọ ọ́ pé torí ó wúwo ni. Irọ́ ni. Ó wúwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú ló ń bí mi. Nígbà tí a pàdé obìnrin aládùúgbò yín níbi tí a gbé mọ́tò sí, ẹ sọ fún un pé èmi ni ọmọ àbúrò yín tí wọ́n lé nílé ìwé fún ọ̀sẹ̀ kan torí ìjà. Ẹ ń rẹ́rìn-ín bí ẹ ṣe ń sọ ọ́. Mo ní, ó dáa, kí ẹ lọ wá omi yín fúnra yín. Gbogbo ọgbọ́n tó wà lórí mi lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Nígbà tí àkókò ìrun ọ̀sán fi máa tó, a ti dé ìdí omi náà, ariwo rẹ̀ kò jẹ́ ká gbọ́ ara wa. Uncle nawọ́ sí mi: "Omi dà?" Mo gbé ìgò òfìfo fún wọn. Mo ní, "Bí Aunty ṣe fún mi nìyẹn." Ó kàn já bọ́ lẹ́nu mi ni. Uncle bú sẹ́rìn-ín: "Mìsítúrà! Ìgò òfìfo lo dì fún ọmọ ọlọ́mọ gbé gun òkè? Àgbà ti dé o!" Ẹ ní, "Mo bu omi sí i." Ẹ wá gba ìgò náà, ẹ yí i sọ́tùn-ún, ẹ yí i sósì, ẹ ní, "Àbí n ò bu ú?"

Ẹ ní kí Uncle fi erùpẹ̀ ṣe tayamọmu dípò àlùwàlá. Wọ́n ní, "Kí omi máa ya báyìí níwájú mi, kí n wá máa pa erùpẹ̀ lára? Kí ni mo fẹ́ wí fún Ọlọ́run?" Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n sọ̀kalẹ̀ sórí àpáta tí ewédò bò. Mo ní àyè láti sọ̀rọ̀, Aunty. Ìṣísẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n rìn, mo kà á. Ní ìkeje ni ẹsẹ̀ wọn yọ̀. Ẹ mọ ìyókù, bí wọ́n ṣe ń pe "Yáà Allah" títí àwọn adóòlà ẹ̀mí yẹn fi dé.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé ni ohun tí mo gbọ́ lánàá. Mummy fi yín sórí sípíkà, wọ́n ń rẹ́ ilá. Mo gbọ́ tí ẹ ní ẹ ti gba àyè níbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì yín, pé ẹ ti kó kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lé Uncle lọ́wọ́, pé Ọjọ́bọ̀ ni dókítà máa yẹ ọpọlọ yín wò. Ẹ ní, "Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára Màmá nìyẹn. Mo ń rí ara mi nídìí ẹ̀rọ omi tí mò ń bu ú, kedere báyìí, bẹ́ẹ̀ n ò bu ú. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni mò ń rántí." Mummy ní kí ẹ yé sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ pa fóònù, wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n ń sunkún. Èmi náà rántí Màmá àgbà, bí wọ́n ṣe ń pe Mummy ní "aládùúgbò" kí wọ́n tó kú.

Aunty, ó ṣẹlẹ̀. Ẹ bu omi yẹn. Kò sí ohun tó ṣe orí yín, èmi ni mo ṣe é. Láti àárọ̀ ni mo ti ń rìn lọ rìn bọ̀ ní Rye Lane, àwọn èèyàn ń fi èjìká gbá mi, n ò mọ̀. N ò ní kí ẹ dárí jì mí kíá. Ẹ ṣáà gba kọ́kọ́rọ́ yín padà. Ẹ jẹ́ kí èmi fúnra mi sọ fún Uncle pé ẹlẹ́bi kọ́ ni ìyàwó wọn.

Kí Ọlọ́run to eegun Uncle padà dáadáa. Kí Ó dá iyè yín sí fún yín, kí ẹ máa pe ọmọ lórúkọ, kí ẹ máa pe ọmọ-ọmọ lórúkọ. Kí Ó má jẹ́ kí ìbínú ọmọdé di àìsùn àgbà mọ́.

Èmi ni ọmọ àbúrò yín tí ojú ń tì,
Rahmah.

Àfikún: Mo ní láti fi lẹ́tà yìí han Mummy, torí n ò ní sítáǹbù. Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọn ò lù mí. Wọ́n ní, "Lẹ́tà wo ló máa dé Amẹ́ríkà kí Ọjọ́bọ̀ tó pé? Gbé fóònù." Ìdí tí mo fi pè yín nìyẹn. Ẹ ò bú mi, ẹ ò sì ní ẹ dárí jì mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ bi mí pé, "Ṣé o rí omi nínú rẹ̀?" Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní mo rí i. Mo ṣì ń fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́, torí ọ̀rọ̀ orí fóònù kì í dúró. Bí ẹ bá jí lọ́jọ́ kan, tí ẹ ń bi ara yín pé bóyá ẹ kàn lá àlá pé mo pè ni, ẹ mú ìwé yìí jáde, ẹ kà á. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́, orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀.