Ọmọ Orí Bẹ́ǹṣì

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láti inú yàrá tí o mọ̀ dáadáa, níwájú fèrèsé tó kọjú sí ibùdó ọkọ̀. Mo nírètí pé lẹ́tà yìí yóò bá ọ nínú ara líle, pé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ti fi ọ́ sílẹ̀, àti pé iṣẹ́ kò gba oorun lójú rẹ. Ara tèmi náà ti ń mókun. Mo ń jẹun, mo sì ti padà sídìí máṣíìnì mi. Má fòyà bí o bá rí bí ìwé yìí ṣe gùn tó. Kò sẹ́ni tó kú. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ti pẹ́ nílẹ̀ ju ìwọ gan-an lọ, mo sì fẹ́ kí o jókòó kí o tó máa kà á lọ.

Láti ìgbà tí a ti sin bàbá rẹ tí o ti padà síbi iṣẹ́, fóònù rẹ̀ kò dákẹ́. Ní gbogbo Sátidé, tí aago mọ́kànlá àárọ̀ bá ti lù, yóò dún nínú dúrọ́ọ̀ tí mo fi í sí. Mi ò mọ nọ́ńbà tó fi tì í, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń pa á lẹ́nu mọ́. O lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò jẹ́ kí iná inú rẹ̀ tán. Èmi náà ò mọ̀. Bó bá ti di ọjọ́ Ẹtì, n óò kàn rí ara mi níbi tí mo ti ń ki wáyà bọ̀ ọ́. Nígbà tó bá sì dún, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló máa ń yọ lójú rẹ̀: Wo ọmọ náà.

Mo rò pé ìwọ ni ọmọ tó ń sọ. Àfi ìgbà tí ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé kó ẹrù bàbá rẹ wá fún mi: ápúrọ́ọ̀nù rẹ̀, awò ojú rẹ̀, àti ìwé kan tó fi àjákù bébà ibi iṣẹ́ dì fúnra rẹ̀, tó fi òwú mi gán lẹ́yìn. Ojú ìwé kan fún ọdún kan. Orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù ló kún ibẹ̀, pẹ̀lú àmì àti nọ́ńbà tí kò yé mi. Ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ó ní ohun tó ń kọ sísàlẹ̀. Ó kọ ọ́ pé, “Ọmọ náà pé ọdún méjìdínlógún. Mo ti mú un.” Lọ́dún tó tẹ̀ lé e: “Wọ́n fi ọmọ náà sórí bẹ́ǹṣì. Mo mú un.” Òmíràn ní, “Ọmọ náà fi ẹsẹ̀ rọ́. Síbẹ̀, mo mú un.” Èyí tó kẹ́yìn ni pé, “Wọn ò jẹ́ kó wọlé rárá. Kò burú. Ó ń dàgbà.”

Kí ni ìwọ ìbá rò? Ohun tí mo rò náà nìyẹn. Mo ṣírò rẹ̀: bó bá jẹ́ méjìdínlógún nígbà yẹn, á ti di mẹ́rìnlélógún báyìí, ó fi ọdún mẹ́ta jù ọ́ lọ, a sì ti fẹ́ ara wa nígbà náà. Mo gbà lọ́kàn mi pé bàbá rẹ bímọ síta. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, oúnjẹ di igi lẹ́nu mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin yòówù tó bá wá gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò lọ́dọ̀ mi, etí rẹ̀ ni mo máa ń wò, bóyá n óò rí etí bàbá rẹ níbẹ̀. Ẹnìkan nínú wọn bi mí pé, “Mà, ṣé nǹkan wà létí mi ni?”

Nígbà tí mi ò lè fara dà á mọ́, mo gba ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ bàbá rẹ onígbàjámọ̀ lọ. Mo ju ìwé náà sórí àga ìfárí. Mo ní, “Ẹ sọ fún mi. Ta ni ìyá rẹ̀?” Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ẹ̀rọ ìfárí sílẹ̀, kó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wò mí lójú. Ló bá gbé àga fún mi. Ó ní, “Ìyàwó wa, gólì ni. Ẹni tó ń ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ni.”

Ó ṣàlàyé ohun tí bàbá rẹ ń tìtorí rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́rí láràárọ̀ Sátidé, èyí tó máa ń bí ọ nínú nígbà tí o wà ní kékeré. Àwọn mẹ́jọ ni wọ́n. Kí sáà bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, wọn a pàdé nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, wọn a ṣẹ́ kèké, oníkálukú a sì máa pe orúkọ agbábọ́ọ̀lù kan bó bá ṣe kàn án. Ẹni tí ẹnìkan bá ti pè di tirẹ̀, kò sẹ́lòmíràn tó tún lè mú un. Bí àwọn tí o mú bá ṣe ṣe sí lórí pápá gidi lọ́sẹ̀ náà ni máàkì tìrẹ yóò ṣe rí. Bàbá rẹ mọ̀ ọ́n débi pé ó gba ipò kìíní lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ẹni tí ó ń pè gbẹ̀yìn ni gólì kan tí kì í wọ pápá, tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ń pè é ní Alágbàtọ́. Kò dá wọn lóhùn rí.

Onígbàjámọ̀ tẹ fóònù rẹ̀, ó fi àwòrán ọmọ náà hàn mí. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ wà lábẹ́ àwòrán. Mo kà á. Mo tún un kà. Mo kó ìwé mi, mo sì fẹsẹ̀ rìn délé, tí mo gbàgbé pé ọkọ̀ ni mo wọ̀ wá.

Ọmọ mi, ìwọ kọ́ ni àkọ́bí mi. Ọkùnrin kan ṣáájú rẹ, ọjọ́ tí wọ́n bí gólì yẹn náà gan-an ni mo bí i. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, bàbá rẹ ní kí n lọ wẹ̀ kí n sì fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, òun á jókòó tì í. Mo lọ. Mo sùn. Ìgbà tí mo lajú, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di fìlà rẹ̀ mú, kò sì wọlé. Àwọn àgbà obìnrin ẹbí wá, wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́, wọ́n ní kí n nu ojú mi nù. Bàbá rẹ mi orí, ó sì padà síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Láti ọjọ́ náà kò dárúkọ ọjọ́ yẹn rí. Mo gbà pé ó ti gbàgbé, mo sì dì í sínú fún ọdún mẹ́rìnlélógún.

Èmi ò gbàgbé. Ọdún tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, èmi ni mo rán yunifọ́ọ̀mù fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo mọ bí èjìká rẹ̀ ìbá ṣe fẹ̀ tó lọ́dọọdún, nítorí mo ń fi téèpù wọn tiwọn. Ìgbà mìíràn tí ṣọ́ọ̀bù bá dá, mo máa ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi bíi ti ẹni tó ń dúró kí wọ́n wọn òun. Ìwọ náà máa ń bínú pé mo ń fọwọ́ kan imú rẹ tí o bá ń sùn, pé mo ń jí ọ. Mímí rẹ ni mo ń wá. Àṣé nígbà tí mo ń fi téèpù kà, bàbá rẹ ń fi bébà kà, nínú ilé kan náà, ilẹ̀kùn kan ló wà láàárín wa.

Mo padà lọ bá onígbàjámọ̀, mo ní èmi ni n óò jókòó sáyè ọkọ mi. Ọ̀gá Ìṣirò, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì tó jẹ́ alága wọn, wò mí lókè gíláàsì. Ó ní, “Ṣé ẹ mọ̀ pé a kì í ṣàánú ara wa níbẹ̀?” Mo ní ohun tí mo ń wá náà nìyẹn. Oṣù kan gbáko ni mo fi kọ́ ìwé bàbá rẹ bí ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò. Ìmọ̀ràn rẹ̀ kò le: kọ́kọ́ wá atamátàsé, tẹ̀ lé e pẹ̀lú àwọn tí kì í fara pa, má sáré mú gólì, nítorí gólì pọ̀ nílẹ̀. Ǹ bá ṣe bíi tirẹ̀, kí n pe ọmọ náà gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́jọ, àgbà gólì ẹgbẹ́ náà kán lọ́wọ́. Wọ́n ní ọmọ náà ni yóò máa ṣọ́lé. Ẹni tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ wá di ẹni tí gbogbo ènìyàn lè fẹ́.

Mo ṣírò. Nínú gbogbo ọdún tó wà nínú ìwé náà, kò sẹ́ni tó pe gólì rí kó tó di yípo keje, ìyẹn ìgbà keje tí ìpè ń kan oníkálukú. Mo ní n óò pè é ní yípo karùn-ún kí ọkàn mi lè balẹ̀. Ìwọ á ní kí ló dé tí mi ò pè é lákọ̀ọ́kọ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo fẹ́ ọmọ náà, mo sì tún fẹ́ borí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé àga bàbá rẹ ṣófo.

Kèké mú mi sípò kẹfà. Wọ́n ń pè é bí ejò ṣe ń ká: ẹni tó bá kẹ́yìn ní yípo kan ló ń ṣáájú ní èyí tó kàn. Ní yípo kìíní mo mú atamátàsé tí ayò rẹ̀ pọ̀ jù ní sáà tó kọjá, ẹnu sì ya gbogbo wọn pé ó dọ́dọ̀ mi. Ìgbà tí a dé yípo kẹrin tó kàn mí, ọkàn mi ní kí n pe ọmọ náà. Ṣùgbọ́n agbábọ́ọ̀lù àárín kan tó yẹ kí wọ́n ti gbé lọ tipẹ́ ṣì wà nílẹ̀. Mo pe ìyẹn. Onígbàjámọ̀ ní, “Ìyàwó wa, ẹ mà gbọ́n o.” Inú mi dùn. Lẹ́yìn ènìyàn mẹ́ta, ó kan Má-sáré, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí àwọn èrò sọ lórúkọ yẹn nítorí eré àsápajúdé. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì pe ọmọ náà. Ó ní, “Gólì tó máa wọ pápá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ta ló máa fi sílẹ̀?”

Èmi ni mo fi í sílẹ̀. Mo tún sùn lọ lẹ́ẹ̀kejì. Bó ṣe ṣe mí nìyẹn, ọmọ mi, bí ẹni pé mo tún lajú, tí ẹnìkan dúró lẹ́nu ọ̀nà tó di fìlà mú. Ó tún kàn mí, Ọ̀gá Ìṣirò pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí mo gbọ́ tí mo ń sọ ni pé, “Mo bí ọmọkùnrin kan lọ́jọ́ tí wọ́n bí i.” Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn ọkùnrin méje nínú yàrá tó ń rùn fún páúdà ìfárí. N kò tíì sọ ọ́ fún alààyè kan rí.

Onígbàjámọ̀ dojú bolẹ̀. Òun ló fún bàbá rẹ ní orúkọ Alágbàtọ́. Má-sáré ní, “Ẹ mú un, Ìyá. Ẹ dákun, ẹ mú un lọ́fẹ̀ẹ́.” Mo ní rárá. Mo ní bàbá rẹ̀ fi àyè kan ṣòfò lórí rẹ̀ lọ́dọọdún, kò gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ rí, èmi náà ò ní gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Mo fún un ní atamátàsé mi. Má-sáré kọ̀, ó ní pàṣípààrọ̀ náà ò dọ́gba, ojú á ti òun. Ọ̀gá Ìṣirò ló yanjú rẹ̀. Ó ní, “Ẹni tó ń rà ló mọ ohun tó ń rà.” Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, a sì ń bá a lọ.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, fóònù dún ní aago mọ́kànlá. Mo dáhùn pé mo ti ń lọ. A jọ wò ó ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ọmọ náà kò jọ wá rárá, ọrùn rẹ̀ gùn, ó sì ń sọ̀rọ̀ jù. Ayò mẹ́ta ni wọ́n gbá wọlé lé e lórí. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, ó jókòó sílẹ̀, ó fi ìbọ̀wọ́ bo ojú, mo sì dìde láìmọ̀, mo ní, “Dìde, dìde.” Ó dìde. Ẹnikẹ́ni ò fi mí rẹ́rìn-ín. Ipò keje ni mo wà báyìí, Má-sáré ló wà nípò kìíní, ó sì máa ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi bí atamátàsé yẹn bá ti gbá ayò wọlé. Má rò pé mo sọ pé ara ti tù mí. Mo ṣì ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yẹn ní ṣọ́ọ̀bù tèmi. Ohun tó yí padà ni pé mo ti ń yíjú wò.

Kí ọjọ́ rẹ gùn, kí ó sì dùn. Kí ibi tí o fi ẹsẹ̀ lé má yẹ̀. Kí o má fi ojú sunkún ohun tí o bí, kí o má sì dá ẹrù gbé nínú ilé tí ènìyàn wà. Ẹni tó lọ náà, kí ilẹ̀ dẹ̀ ẹ́ lọ́rùn.

Èmi ni ìyá rẹ, abiyamọ ọmọ méjì.

Mo tún rántí: Ọ̀gá Ìṣirò béèrè orúkọ ọmọ náà, tèmi, kí òun lè kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ bàbá rẹ nínú ìwé ẹgbẹ́. Mo ní kò pẹ́ tó láyé tí a fi máa sọ ọ́ lórúkọ. Ó fi àyè sílẹ̀. Mo mọ̀ pé àbúrò kì í pe ẹ̀gbọ́n lórúkọ, áńbọ̀sì kó sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n ìwọ nìkan ló kù tí mo lè bi. Bí o bá rí ọ̀kan, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.