Ìwé Ìbéèrè Tó Da Ọkọ Mi àti Àbúrò Mi Rú

Ilé Àwọn Òṣìṣẹ́,
Ẹ̀yìn Ilé-iṣẹ́ Àga.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Mójú Tó Ìwádìí,
Ilé Ẹ̀kọ́ Gíga.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌDÁHÙN ÀṢÍRÍ TÍ WỌ́N LẸ̀ MỌ́ ÒGIRI, TÓ SÌ DI ÌJÀ ẸLẸ́JẸ̀

Aránṣọ-àga ni mí. Ọkọ mi ń gé igi nílé-iṣẹ́ wa. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, ń kun ọ̀dà níbẹ̀. Abọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì fi ń jẹun.

Nígbà tí ìbò ń bọ̀, olùwádìí yín mú ìwé ìbéèrè wá, láti mọ irú ìwà tó ń mú ènìyàn fara mọ́ irú olórí kan. Ó bi wá bóyá ó yẹ kí ọmọ gbọ́ràn láìbéèrè ìdí, bóyá ó dára kí a fọwọ́ líle mú ẹni tó bá tako ìjọba. Ó ṣèlérí pé ojú kan kò ní rí ìdáhùn wa.

Síbẹ̀, èsì náà dé ọwọ́ ọ̀gá wa. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ó pín orúkọ wa sí ọ̀nà méjì: Onígbọràn àti Ọlọ̀tẹ̀. Àbúrò mi jẹ́ Onígbọràn. Ọkọ mi jẹ́ Ọlọ̀tẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kéde èsì ìbò, àwọn Onígbọràn ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì gbé igi. Ọkọ mi ké pé, "Àna mi, èmi mà ni o!" Àbúrò mi fi pátákó oníṣòó gbá a lẹ́nu. Eyín fọ́n ká ilẹ̀, egungun àgbọ̀n kán, wọ́n tún ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo fa àlùmọ́gàjí mi yọ, mo gún àbúrò mi léjìká kí ó tó fi í sílẹ̀.

Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ọ̀mọ̀wé ló kọ ọ́ pé ọ̀tá ni."

Olùwádìí yín sọ fún mi pé ìwé náà kò lè sọ ohun tí ẹnì kan yóò ṣe. Kí ló dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá wa?

Mo bẹ̀ yín, ẹ já èsì náà lára ògiri, kí ẹ sì wádìí ẹni tó gbé e jáde. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ rán olùwádìí náà wá sílé wa, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ òótọ́ létí àwọn méjèèjì. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́. Ọkọ mi kò tíì lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n láti ìjẹta ló ti ń pọ́n àáké.

Ẹ ṣeun tí ẹ fetí sí mi.

Èmi ni tiyín, nínú ìbẹ̀rù,
Aránṣọ-àga,
Ìyàwó Agégi, Ẹ̀gbọ́n Akunọ̀dà.