Erùpẹ̀ Etí Òkun fún Ìyá Ọmọ́níyì

Ìyá Ọmọ́níyì, ọdún márùn-ún rèé tí ẹ fi wá sílẹ̀ ní Odò-Ọwà. Ọdún márùn-ún! Omi kò tíì gbẹ lójú wa.

Ilé tí ẹ fi sílẹ̀ láìlórúlé ti di ilé. Páànù rẹ̀ ń dán nínú oòrùn, ẹ̀yin lẹ kò sí nínú rẹ̀. Fúnmilọ́lá, àbíkẹ́yìn yín, ti lọ́kọ, ó sì ti bí obìnrin kan tó fi ojú jọ yín. Bọ́sẹ̀dé ìyàwó mi ló ń ta abọ́ tánganran yín báyìí. Àwọn oníbàárà ṣì ń bèèrè yín, bí ẹni pé ẹ kàn lọ sóko ni.

Ohun kan ṣoṣo tí ẹ bẹ̀ mí, òun ni n kò rí ṣe bó ti yẹ.

Ẹ ní kí n lọ sí Gáná, sí itẹ́ òkú kékeré tí ìdílé wa ní létí òkun, kí n bu erùpẹ̀ sàréè ẹ̀gbọ́n mi wá, kí n dà á sórí tiyín. Ọmọ́níyì, àkọ́bí yín, tí ibà mú lọ lọ́mọ ọdún méje, tí gbogbo ayé fi orúkọ rẹ̀ pè yín títí ẹ fi kú. Nígbà tí wọ́n lé wa kúrò ní Gáná ní 1969, ẹrù lẹ rí dì, ọmọ kò ṣeé dì.

Yanrìn ni gbogbo ibẹ̀, òkúta kò sí. Abọ́ tí olóògbé fi ń jẹun lẹ máa ń fi símẹ́ńtì lẹ̀ mọ́ orí sàréè rẹ̀: abọ́ olódòdó, abọ́ aláwọ̀ ewé, èyí tí wọ́n ya ẹja sí. Ẹ kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ẹ mọ ẹni tó sùn sábẹ́ abọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ọdún tó ṣáájú ikú yín, ẹ pè mí kí n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ mẹ́rìnlá. Bí ẹ bá ti dárúkọ ẹnì kan, ẹ ó sọ bí abọ́ rẹ̀ ṣe rí. Èmi tíṣà! Èmi ọ̀mọ̀wé! Mo kọ orúkọ, mo kọ ọdún, mo fa ìlà pupa sí i nídìí, mo fi ọ̀rọ̀ abọ́ sílẹ̀. Ẹ wò mí, ẹ ní, “Kọ abọ́ kún un. Ùwọ mọ̀wé, èmi mọ abọ́.” Mo ní mo ti gbọ́. N kò kọ ọ́.

Ẹ dárí jì mí, Ìyá mi. Ẹ dárí jì mí!

Nígbà tí ìjọba tún ṣí ibodè tí wọ́n tì lọ́dún yìí, tí ilé ìwé sì gba ìsinmi, mo lọ. Òkun ti gbé ilẹ̀ náà mì. Nínú sàréè mẹ́rìnlá, mẹ́rin péré ló kù. Mo ṣí ìwé, orúkọ mẹ́rìnlá ń wò mí. Mo wo ilẹ̀, abọ́ mẹ́rin ń wò mí. Èwo ni ti Ọmọ́níyì? Mo bi àwọn apẹja, wọn kò mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà tó kú. A jọ jẹun nínú abọ́ náà, n kò sì rántí àwọ̀ rẹ̀. Mo jókòó sínú yanrìn, mo sunkún.

Mo ya abọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìwé náà, òdòdó àti ẹja. Fún ta ni? Ẹni tó lè kà á ti wà nínú ilẹ̀. Mo wá bu díẹ̀ nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo dà wọ́n pọ̀.

Láàárọ̀ òní, lẹ́yìn ìsìn, mo da erùpẹ̀ náà sórí sàréè yín. Bóyá Ọmọ́níyì wà nínú rẹ̀. Bóyá òkun ti gbé e lọ tipẹ́tipẹ́.

Àárò yín ń sọ wá, Ìyá, a ṣì fẹ́ràn yín. Bó bá jẹ́ ọmọ ọlọ́mọ ni mo gbé wá bá yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé e. Ẹ gbà á mọ́ra.

Adéjùmọ̀, ọmọ yín, lórúkọ gbogbo ilé.