Irú Ẹ̀pìnnì Tí Mo Kọ Sínú Ìwé Ọbẹ̀ Ìyá Mi

Mi ò pa irọ́ kankan sínú ìwé náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí mo mọ̀ pé tí ẹ bá kà á tán, àwọn kan nínú yín á pè mí ní ìkà... Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé yẹn tí kò ti ẹnu ìyá mi jáde. Ohun tí wọ́n sọ ni mo kọ, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Òun ló jẹ́ kí n máa wá ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ mí rí, torí nínú agbo ilé wa ní Àrẹ̀mọ níbí, kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Èmi ni àkọ́bí ìyá mi. Mo lọ sílé ọkọ ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ọmọ ò dé. Ọkọ mi gbé ìyàwó mìíràn wálé, ìyẹn ò pẹ́ lóyún, ni gbogbo ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí bí ẹni tó jókòó sórí ìjókòó onítọ̀hún. Mo di ẹrù mi, mo padà sílé bàbá mi. Ẹ mọ orúkọ tí wọ́n ń pe irú wa... dálémosú. Láti ìgbà náà, èmi ni mò ń sè tí ìyá mi ń jẹ, torí ojú wọn ti ṣú, wọn ò ríran mọ́, ó sì ti pẹ́ gan-an tí ẹsẹ̀ wọn ti tẹ ọjà kẹ́yìn. Alásè ni wọ́n nígbà tí ara ṣì le o. Tí wọ́n bá se gbẹ̀gìrì ní Àrẹ̀mọ, ẹni tó wà ní Mápó á máa dá itọ́ mì. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nídìí ààrò, ọwọ́ wọn ni mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò ní jẹ́ kí ìbínú mú mi sẹ́ ìyẹn.

Àbúrò mi ọkùnrin kan ṣoṣo, tó ń ṣe akọ̀wé níṣẹ́ ìjọba, wá fẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń ṣe tíṣà, wọ́n ń gbé ní Òkè Padre. Wọn kì í se gbẹ̀gìrì nílé tó ti wá. Ìyá mi ní àwọn ò fẹ́ kí ọbẹ̀ ilé wa bá àwọn wọ káà ilẹ̀, pé kí n kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Inú mi dùn! Standard Four tí bàbá mi jà fún kí n tó kà á, ó máa wá wúlò. Mo ra bébà ní Bẹẹrẹ, mo gé e, mo fi òwú dídì rán ẹ̀yìn rẹ̀, mo fi ẹ̀kọ gbígbóná lẹ páálí mọ́ ọn, mo sì fi etù tí ìyá mi wọ̀ nígbà ìgbéyàwó wọn bo páálí náà. Mo ya ilá àti ata sí etí ewé. Bí mo ṣe ń rán an, ọkàn mi ń sọ fún mi pé nǹkan kan wà láyé yìí tí màá lè pè ní tèmi. Kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kan, ìyá mi ní kí n kọ ọ́ sí ojú ewé kìíní pé ti ìyàwó ọmọ àwọn ni, àti ti àwọn ọmọ tó máa bí. Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo ní kí orúkọ tèmi náà wà níbẹ̀. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ìyá tó bí mi sọ. "Ìwọ? Ta lo fẹ́ sè é fún?" Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́ o. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń béèrè bóyá òjò ti dá. Mo kọ orúkọ ìyàwó àbúrò mi síbẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọbẹ̀ fún mi, owó ni wọ́n fi ń wọn nǹkan, bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń wọ̀n ọ́n. Irú ẹ̀pìnnì, ìyẹn ìdajì kọ́bọ̀. Ata kọ́bọ̀. Epo tọ́rọ́. Owó ìgbà wo? Owó ìgbà tí wọ́n ń fẹsẹ̀ ara wọn nájà, kí ogun àwọn òyìnbó tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n! Láyé ìgbà náà, irú ẹ̀pìnnì á kún àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Lónìí, ẹ mú ẹ̀pìnnì tọ àwọn onírú lọ l'Ọjà'ba, kí ẹ wá gbọ́ èébú. Ṣé èmi tí mò ń rà á ni mi ò mọ̀? Tí mo bá ń se tèmi, mi ò wo owó, ojú mi àti ọwọ́ mi ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Mo gbé gègé ìkọ̀wé mi sókè, ó ku díẹ̀ kí n sọ fún wọn pé Ìyá, ọjà ti yí padà... ọ̀rọ̀ ti dé ètè mi. Ni mo rántí ta lo fẹ́ sè é fún. Mo kọ irú ẹ̀pìnnì. Bí mo ṣe kọ ọ́ títí dé ìparí nìyẹn. Òlèlè tí mo ń fi edé lílọ̀ sí, tí èmi fúnra mi dán wò lẹ́yìn tí mo ti ilé ọkọ dé, wọ́n pe ìyẹn náà, wọ́n ní bí ìyá àwọn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo kọ ọ́. Nígbà tí a parí, wọ́n ní kí n kà á fún àwọn, mo kà á láìfo ọ̀rọ̀ kan, inú wọn dùn, wọ́n gbàdúrà pé Ọlọ́run á fún èmi náà ní tèmi. Mo ṣe àmín, mo sì pa ìwé náà dé.

Ọjọ́ Ìtúnu Àwẹ̀, ìyàwó wa gbé ìwé náà wá láti se gbẹ̀gìrì fún ìyá mi. Ọmọ yẹn ò ṣe mí ní nǹkan kan, ẹ gbọ́. Ìbàdí-àrán ló sọ mí, bí ìyàwó ṣe ń sọ ọmọ ọkọ lórúkọ, ó sì máa ń kúnlẹ̀ kí mi pẹ́ débi pé ojú á tì mí. Ìbá tilẹ̀ rọrùn fún mi tó bá jẹ́ aláfojúdi! Ó ti kọ́kọ́ yà l'Ọjà'ba lọ ra irú ẹ̀pìnnì, onírú bi í pé ṣé aláǹgbá ló fẹ́ se ọbẹ̀ fún, ó kàn ṣàánú rẹ̀, ó bù ú tíńtín fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, ó ń fi ara rẹ̀ ṣẹ̀sín. Mo bá a rẹ́rìn-ín... Ṣé ẹ gbọ́ mi? Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ìwé sórí ọlọ, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ó sì se é bó ṣe kà á. Ìyá mi tọ́ ọ wò, wọ́n sún abọ́ sẹ́yìn. Lójú gbogbo ìyàwó ilé, wọ́n ní omi tí wọ́n fi ṣan ẹ̀wà nìyí. Ó kúnlẹ̀, ó ní ohun tó wà nínú ìwé lòun ṣe. Ìyá mi ní, "Ọmọ mi ló kọ ọ́. Ọmọ mi kì í kọ irọ́. Ọwọ́ tìrẹ ni kò dùn." Látìgbà tí mo ti padà wálé, ìyá mi ò yìn mí lójú èèyàn rí. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n yìn mí. Mo gbé omi ìfọwọ́ síwájú wọn kí wọ́n fọwọ́.

Ọ̀rọ̀ ti kọjá ọbẹ̀ báyìí. Ìyàwó wa ń dán an wò nílé, kò bọ́ sí i, àbúrò mi ti ń jẹun níta. Lọ́jọ́ kan ó bá mi lẹ́yìnkùlé, ó ń sunkún, ó bi mí pé ṣé Ọlọ́run máa ń dá ọwọ́ kan láìfi adùn sí i ni. Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Mo ní kó máa fara balẹ̀. Ìyá mi sì ti ń sọ fún àbúrò mi pé ọmọ kan wà ní Bẹẹrẹ tí ìyá rẹ̀ mọ ọbẹ̀, pé tí Iléyá bá dé àwọn máa lọ tọrọ rẹ̀. Àbúrò mi ò ní òun fẹ́, kò ní òun ò fẹ́. Mo mọ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, ọkọ mi dákẹ́ bẹ́ẹ̀ náà kí ẹrù ìyàwó tó wọlé. Wọ́n máa ń ní pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà de ìyàwó. Èmi tí wọ́n fi nà, èmi náà ni mo tún nawọ́ sájà gbé e wá fún ẹlòmíì.

Tí mo bá jẹ́wọ́ ńkọ́? Ilé bàbá mi nìkan ló kù fún mi, níbo ni màá lọ? Wọ́n á ní inú àgàn ló ń yọ lára mi, wọ́n á sì gbà pé ohun tí wọ́n ti ń sọ láti ọjọ́ yìí, òótọ́ ni. Tí mo bá dákẹ́ ńkọ́? Kí n má tàn yín... apá kan ọkàn mi ṣì ń sọ pé kí gbogbo wọn tọ́ ohun tí mo ti ń jẹ láti ọjọ́ yìí wò. Mo ti kírun lé apá yẹn lórí, kò kúrò.

Mo ti rán ìwé mìíràn. Etù ò ṣẹ́ kù mọ́, àdìrẹ tí mo kó ti ilé ọkọ bọ̀ ni mo fi bo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí owó nínú èyí. Ìkúnwọ́ ló wà níbẹ̀, ṣíbí, agolo mílíìkì, ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi wọn nǹkan bí ọjà tilẹ̀ wọ́n dọ́run. Ó wà nísàlẹ̀ àpótí mi. Mo máa ń mú un jáde pé mò ń lọ sí Òkè Padre, tí mo bá dé ìsàlẹ̀ Mápó, ẹsẹ̀ mi á yí padà. Tíṣà ni ìyàwó wa, ẹ rántí. Á gbé ìwé méjèèjì ti ara wọn, á kà wọ́n, á sì mọ ohun tí mo ṣe. Ṣé kí n gbé e fún un bẹ́ẹ̀, kí n fara mọ́ irú ojú tó bá fi wò mí? Àbí ìyá mi ni kí n kọ́kọ́ bá, kí n gba ìyìn yẹn kúrò lẹ́nu wọn? Àbí kí n jù ú sínú iná, kí Iléyá dé, kí ọ̀rọ̀ tán? Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, mo kọ gbogbo ìwé náà tán, àfi ojú ewé kìíní. Ìyá mi bi mí léèrè pé ta ni mo fẹ́ sè é fún, títí di òní mi ò tíì dá wọn lóhùn. Ẹ bá mi wá a. Orúkọ ta ni kí n kọ síbẹ̀?