Ọ̀dà Tuntun Lára Katakata

Ìpógun

Ọláyẹmí, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Ìjàpọ̀, l'Ákùúrẹ́? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ oko tí kò lọ́gbà yóò máa ṣọ́ yín. Ìyá rẹ kí ọ, ikọ́ rẹ̀ ti lọ. Fọkàn balẹ̀, katakata tí o rà fún wa ti jí.

Mi ò fẹ́ kí o gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn pé ó kú. Àlùfáà fẹ́ wá gbàdúrà sí i, ojú sì tì mí láti fi ohun tó dípẹtà han Ọlọ́run, ni mo bá kùn ún ní ọ̀dà búlúù látòkè délẹ̀. Mo tú wáyà kan tí wọ́n dè mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, mo kun abẹ́ rẹ̀ dáadáa, mo dè é padà. Wọ́n ṣe àmín tán, mo yí kọ́kọ́rọ́, ó ń ké kìrì-kìrì, kò gbéra.

Ṣàngódèyí, alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ní Bàbá Ọláyẹmí, àdúrà yín mà lágbára o, katakata ti lọ sinmi. Ó ní bí kò bá ro oko kí ọjọ́ ọjà tó pé, àwọn yóò pe ti Ìlàrá, àwọn kò sì ní pe tiwa mọ́. Mo ní irin ọmọ mi kò ní di ibùsùn adìẹ. Mo bu dísẹ́ẹ̀lì kún un, mo tilẹ̀ sọ fún katakata náà ìyà tí o jẹ kí o tó rà á. Kò dáhùn.

Ni mo bá lọ sí Oǹdó wá Adélaní ẹbí ìyá rẹ, rẹwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Ó tú ọ̀pá dísẹ́ẹ̀lì, kò sí ẹ̀kán kan, bẹ́ẹ̀ táǹkì kún. Ó fi ohun kan bí agolo mílíìkì hàn mí, ó ní iná bátìrì ló ń ṣílẹ̀kùn fún dísẹ́ẹ̀lì níbẹ̀. Iná ń dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n wáyà tí mo tú yẹn ló ń gbé e padà sára irin, ọ̀dà mi sì ti dínà. Ó na wáyà mìíràn láti ara agolo náà padà sí bátìrì, ó dún kọ́, ẹ́ńjìnnì bú ramúramù! Ó ha ọ̀dà náà títí irin fi dán. Mo bá a jà díẹ̀, torí ọ̀dà náà dára.

A ti ro oko Leah opó. Ṣàngódèyí náà ń bẹ̀bẹ̀ báyìí, ẹ̀yìn gbogbo ènìyàn ni mo fi í sí.

Mo gbọ́ pé owó oṣù rẹ kò tíì wọ báńkì. Bi àwọn ará báńkì bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ilé wọn ni, kí wọ́n yáa ha ibi tí owó ń gbà wọlé. Bó bá ti wọlé, fi owó dísẹ́ẹ̀lì díẹ̀ ránṣẹ́, ilẹ̀ ṣì pọ̀ níwájú wa. Ohunkóhun tó bá dí ọ̀nà oore rẹ, Olúwa yóò bá ọ ha á kúrò.

Èmi ni bàbá rẹ,
Dúrótoyè