Fáìfù Mínítì Bọ́lárìnwá

Ilé Pa Jacob,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà,
Arámọkọ-Èkìtì.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024.

Àbúrò mi àtàtà, Bọ́lárìnwá,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Èkó tí ọwọ́ yín kì í dilẹ̀. Ṣé àlàáfíà ni? Deborah ìyàwó wa ńkọ́? Àánú ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn? Ó ti yẹ kó máa sáré, nítorí inú oyún ló wà tí o ti ń sọ pé ẹ ń gbé e bọ̀ wá fi han Bàbá "súùn". Ara tiwa le, a dúpẹ́, àfi ti ojú Bàbá tó mú mi kọ̀wé yìí.

Má bínú pé mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Bí mo bá pè, o ó ní, "Sístà, màá pè yín padà ní wan mínítì." Mínítì ọ̀hún á di ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ á di oṣù. Francis aládùúgbò wa ń bọ̀ wá sí Èkó, mo ní kó fi ìwé yìí lé ọ lọ́wọ́, kó sì dúró tì ọ́ títí o ó fi kà á tán.

Kì í ṣe ìwọ nìkan o. Oyìnbó ti gba ìṣẹ́jú lọ́wọ́ gbogbo wa. Ọlọ́kadà tí mo pè lánàá ní ó ku "tú mínítì" kí òun dé, bẹ́ẹ̀ mò ń gbọ́ ọ tó ń da omi sára nínú balùwẹ̀. Adéfúnkẹ́ télọ̀ mi ní aṣọ Kérésì mi á jáde "bái wíkẹ́ńdì", ọdún Àjíǹde ni mo fi wọ̀ ọ́. Bí èèyàn bá ní ó di ọ̀la, a mọ ibi tí ọ̀la wà. Ṣùgbọ́n tó bá ti fi Gẹ̀ẹ́sì sí i, irọ́ ti di ọ̀làjú nìyẹn!

Àmọ́ ìwọ lọ̀gá wọn. Àwọn àgbà ní ogún ọdún ń bọ̀ wá dọ̀la; ní tìrẹ, ọ̀la ló ń bọ̀ wá di ogún ọdún. O sì mọ irú ẹni tí ò ń sọ ọ́ fún. Wọn ò tíì bí wa tí Bàbá ti ń lu aago ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́dọ̀ tiwọn, mínítì ni mínítì.

Lọ́dún tó kọjá tí dókítà ní ojú wọn ń kú lọ, tí kò sí àtúnṣe, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bẹ̀ ọ́: kí o wá kí àwọn fi ààlà oko kòkó hàn ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ àwọn lójú. Ọmọkùnrin ni wọ́n ń fi í hàn nílé wa, ìwọ nìkan ni wọ́n sì bí lọ́kùnrin. Pèrègún tí bàbá wọn gbìn ni ààlà náà, igbó sì ti bò ó. Mákindé tó bá wa pààlà ń hú u lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tún un gbìn sí ìhà tiwa.

O dáhùn pé, "Dís wíkẹ́ńdì, Bàbá." Hẹ̀ẹ̀! Ìbá ṣe pé o rí wa ní wíkẹ́ńdì yẹn. Láàárọ̀ Sátidé, Bàbá pariwo pé, "Ẹ gbálẹ̀ ulé o, ọmọ mi ń bọ̀!" Wọ́n wọ bàtà oko, wọ́n gbé àdá, wọ́n jókòó síwájú ilé. Nígbà tí wọ́n pè ọ́, o ní o ti wà lọ́nà, ó ku fáìfù mínítì. Wọ́n ní àwọn á dúró dè ọ́ jẹun. Oòrùn yọ, oòrùn wọ̀. Mo ní kí wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ní, "Ṣebí ó ní fáìfù mínítì." Inú bí mi débi pé mo wọlé lọ sunkún. Lọ́jọ́ kejì o ní mítìn-ín ló dé, pé o ń bọ̀ súùn. Bàbá dúró de súùn náà. Ojú wọn ni kò dúró.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n jí, wọ́n bi mí pé ṣé ilẹ̀ ò tíì mọ́ ni. Ilẹ̀ ti mọ́, Bọ́lá. Ẹkún ni mo bú sí. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ẹkún mi, wọ́n ní kí n gbé àdá, kí n fa àwọn lọ́wọ́ lọ sóko. Èmi obìnrin! Mò ń ṣán igbó, wọ́n ń fọwọ́ wá pèrègún, wọ́n á ní, "Òun nìyí, yà sósì." Nígbà tí a dé ibi tí Mákindé ti tún tirẹ̀ gbìn, wọ́n fọwọ́ kan ìdí rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Tuntun lèyí. Hú u." Mo hú u lójú Mákindé. A yí gbogbo oko náà ká. Bàbá wá di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Ó ti wà lọ́wọ́ rẹ báyìí, Tolú. Bí àbúrò rẹ bá dé, kí o fi hàn án."

Bá mi kí Deborah. Sọ fún Àánú pé bàbá bàbá rẹ̀ ò ní lè rí i mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n á fọwọ́ kan ojú rẹ̀ tí ó bá dé. Ọjọ́ Sátidé ni kí ẹ dé, kí alẹ́ tó lẹ́ tí wọ́n á bọ́ bàtà oko, nítorí wọ́n ṣì ń wọ̀ ọ́, wọ́n ṣì ń jókòó síwájú ilé.

Ní ti ààlà, má dààmú. Parí mítìn-ín rẹ. Bí o bá dé, tí o sì fẹ́ mọ ibi tí ilẹ̀ bàbá rẹ pin sí, wá bá mi. Màá mú ọ lọ wò ó. Súùn.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ṣì ń ríran,
Tolúlọpẹ́.