Bíréèkì Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Ayọ̀dèjì

Ṣọ́ọ̀bù Mẹkáníìkì Bọ́lárìnwá,
Odò-Ọjà,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kọkànlá, 1998.

Jẹ́jẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ púpọ̀púpọ̀. Ṣé dáadáa ni o wà? Bísọ́lá ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ ti le lẹ́yìn ìkúnlẹ̀? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ń sùn, àbí ẹ̀yin òbí rẹ̀ ni ẹ kò jẹ́ kó sùn? Iṣẹ́ ńkọ́ ní Àkúrẹ́? Ọ̀gá wa ńkọ́, ṣé ó ṣì máa ń ju sípánà bí inú bá bí i? Àwa náà wà níhìn-ín, a dúpẹ́ pé ẹ̀mí wà. Ṣùgbọ́n inú mi kò dùn, n kò sì ní fi pamọ́ fún ọ.

Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà ti dé etí rẹ ṣáájú lẹ́tà yìí, nítorí ọ̀rọ̀ burúkú kì í wá ọkọ̀ tì. Wọn yóò ti sọ pé bíréèkì tí mo ṣe ló gba ẹsẹ̀ lára baba kan. Ìròyìn kò tó àfojúbà, jọ̀wọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

O rántí Ayọ̀dèjì, akọ̀wé ìjọba tó ń ti Ìkẹ́rẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ní Adó lójoojúmọ́, tó ra Gọ́ọ̀fù GTI tòkunbọ̀ lọ́dún tó kọjá. Ọkọ̀ náà ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, ṣùgbọ́n bíréèkì dúrọ́ọ̀mù ló wà lẹ́yìn rẹ̀, kò mọ dídúró bó ṣe mọ eré. Ayọ̀dèjì ní kí n yọ dúrọ́ọ̀mù náà, kí n fi bíréèkì dísìkì tó máa ń tètè mú rọ́pò rẹ̀. Mo lọ ra ẹ̀yìn Gọ́ọ̀fù mìíràn tó bá a mu ní Bìní, mo fọ̀ ọ́, mo ra páàdì tuntun, mo pààrọ̀ wáyà bíréèkì ọwọ́. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi ṣe é. Lọ́jọ́ Sátidé mo gbé e lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lọ́nà Ìṣẹ́, mo fa bíréèkì ọwọ́ sókè, mo sọ̀kalẹ̀, mo fi èjìká tì í. Kò mì. Jẹ́jẹ́, iṣẹ́ tó dára jù tí mo ti ṣe láyé mi nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ayọ̀dèjì wa ọkọ̀ náà jáde láti gbé àwọn ará ilé rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dá a dúró níbi tí ilẹ̀ ti ga lẹ́nu géètì, ó fa bíréèkì ọwọ́, ó sì padà wọlé lọ mú Bíbélì. Bàbá Dúrósinmí, baba rẹ̀, ń ti géètì lẹ́yìn ọkọ̀. Ọkọ̀ yí padà sẹ́yìn, ó sì fún ẹsẹ̀ baba mọ́ òpó géètì. Ní ọsibítù, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà ní orúnkún. Baba tó ṣì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí oko kòkó rẹ̀! Òun fúnra rẹ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n fà mí lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn oníbàárà ti kó ọkọ̀ wọn kúrò lọ́dọ̀ mi, wọ́n ní ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ti kú ni mo lọ tú wá.

Wọ́n ti ọkọ̀ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Alága ẹgbẹ́ mẹkáníìkì wa ní òun yóò wá wò ó tó bá di ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n n kò lè dúró dè é. Mo gbé e sórí jáàkì, mo tú táyà ẹ̀yìn. Nọ́ọ̀tì kankan kò tú. Wáyà le dan-in. Ọ́ìlì bíréèkì kò jò. Ṣùgbọ́n dísìkì méjèèjì ń dán, páàdì sì ti mu òróró yó, kò lè di dísìkì mú mọ́. Mo fi ìka kàn án, mo gbé e símú. Òróró ólífì ni, irú èyí tí wọ́n máa ń gbàdúrà sí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo ti mọ ẹni tó dà á kí n tó dìde nílẹ̀. Màmá Abigail ni, ìyá Ayọ̀dèjì. Láti ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ti ra ọkọ̀ yìí, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù ló máa ń da òróró àdúrà sí táyà ẹ̀yìn méjèèjì, nítorí ẹ̀yìn ni àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń jókòó sí. Tẹ́lẹ̀, dúrọ́ọ̀mù bo inú mọ́lẹ̀, òróró kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Èmi ni mo fi dísìkì tí kò ní ìbòrí ṣí i sílẹ̀, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé náà pé òróró kò gbọdọ̀ kan ibẹ̀ mọ́.

Mo mú fìlà mi, mo ní kí n lọ pe alága kó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Ibẹ̀ ni Màmá Abigail wọlé. Ọsibítù ló ti ń bọ̀, ó gbé abọ́ oúnjẹ tí baba kò jẹ lọ́wọ́. Ó wo táyà tó wà nílẹ̀, ó wo ọwọ́ mi.

Ó ní, "Bọ́lárìnwá, ọmọ mi, má purọ́ fún mi. Mo da òróró sí ùdí ọkọ̀ ọ̀ún kí a tó jáde n'ulé. Ṣé òun ló ṣe é?"

Jẹ́jẹ́, ẹnu mi ti là láti sọ ọ́. Orúkọ mi ni mò ń rò, ọdún méjìdínlógún tí mo fi kọ́ ọ. Mo wá wo obìnrin tí yóò máa di ọkọ rẹ̀ mú lọ sí balùwẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́. Mo ní, "Rárá o, Màmá. Wáyà bíréèkì ọwọ́ ni n kò fà le dáadáa."

Ó sunkún títí. Lẹ́yìn náà ó ní kí n kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní òun dárí jì mí, kí Ọlọ́run náà dárí jì mí. Mo ṣe àmín. Nígbà tó lọ, mo fi bẹntiróòlù fọ dísìkì, mo fi iná sun òróró kúrò lára páàdì, mo sì fi ọwọ́ ara mi dẹ wáyà tí mo fà le. Ohun tí alága bá nìyẹn. Ẹgbẹ́ ní kí n sé ṣọ́ọ̀bù fún oṣù mẹ́fà.

Má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọ̀gá wa. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ yìí mọ òtítọ́ ni. Bí o bá sì fi dísìkì sí ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹnikẹ́ni, jọ̀wọ́ ní kí wọ́n pe ìyá wọn wá, kí o fi inú rẹ̀ hàn án, kí o bẹ̀ ẹ́ pé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ni kó máa da òróró sí.

Bá mi kí Bísọ́lá, bá mi gbé ọmọ jó. Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi kí yín. Òun náà gbà pé ọwọ́ mi ló yẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, Màmá Abigail dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó dárúkọ mi, ó ní kí ìjọ bá mi gbàdúrà kí ọwọ́ mi lè padà dúró sí iṣẹ́. Gbogbo wọn kọjú sí mi. Mo dìde, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Bọ́lárìnwá.